Ẹ̀rọ Kò Lójú: Ṣé A Lè Rẹ́ Ẹ Jẹ?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí sọ ní ọ̀tẹ̀ yìí kò le láti gbọ́, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Òun ni pé: kí ló dé tí ẹni tí kò lè rẹ́ ìyá alákàrà jẹ ní náírà mẹ́wàá fi lè rẹ́ ẹ̀rọ jẹ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, tí yóò sì lọ sílé, tí yóò sùn, tí oorun rẹ̀ yóò sì dùn?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò dáadáa. Bí ìyá alákàrà bá ṣèèṣì fún ènìyàn ní ṣéńjì tí ó lé, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò yíjú padà pé, "Màmá, ẹ fún mi lé o." Màmá yóò ṣàdúrà fún un, inú àwọn méjèèjì yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n bí owó tí kì í ṣe tirẹ̀ bá já sínú àpò owó rẹ̀ ní bánkì, tí fóònù rẹ̀ dún pé owó ti wọlé, ẹni kan náà lè gbé ọwọ́ sókè kí ó ní àdúrà òun ti gbà. Ẹni tí kò jẹ́ fa omi láti inú kànga aládùúgbò rẹ̀ láìtọrọ àyè lè pe oníṣẹ́ iná lálẹ́ kí ó bá òun fa wáyà kọjá ẹ̀gbẹ́ mítà, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní báìpáàsì. Kò ní ka ara rẹ̀ sí olè. Bí ẹnìkan bá sì pè é ní olè, ìjà ni yóò dà.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ètò kọ̀ǹpútà Bank of Ireland ṣàṣìṣe, ó ń jẹ́ kí àwọn oníbàárà mú owó tí wọn kò ní. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìlà ti gùn níwájú àwọn ẹ̀rọ tí ń pọ owó ní ìlú wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Commercial Bank of Ethiopia. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn ìròyìn àkọ́kọ́ sì sọ pé owó tí ó jáde lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là. Bánkì náà ní ẹni tí ó bá fúnra rẹ̀ dá tirẹ̀ padà, òun kò ní pè é lẹ́jọ́. Ẹ rò ó wò: ká ní akọ̀wé bánkì kan ni ó jókòó síbẹ̀, tí orí rẹ̀ dàrú, tí ó ń ka owó fún gbogbo ẹni tí ó bá na ọwọ́, ṣé gbogbo àwọn ọmọ ilé ìwé wọ̀nyẹn ni ìbá tò síwájú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ìbá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣọ́ra, owó ń lé lọ́wọ́ yín."

Àwọn onímọ̀ ti fi òṣùwọ̀n wọn ọ̀rọ̀ yìí. Alain Cohn, Tobias Gesche àti Michel Maréchal tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2022. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn ju owó ẹyọ sókè níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wọn, kí wọ́n wá ròyìn ojú tí ó yọ. Ìròyìn ẹnu wọn ni yóò pinnu iye tí wọn yóò gbà. Àwọn kan ròyìn fún ènìyàn, àwọn kan ròyìn fún ẹ̀rọ. Irẹ́jẹ àwọn tí wọ́n ròyìn fún ẹ̀rọ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí wọ́n bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ fún ẹ̀rọ náà ní ìṣe bí ènìyàn, kò yí i padà. Èyí tí ó tún jinlẹ̀ jù ni pé nígbà tí wọ́n fún àwọn ènìyàn láàyè láti yàn, àwọn aláìṣòótọ́ ni ó fẹ́ràn láti lọ bá ẹ̀rọ. Ẹni tí ó fẹ́ purọ́ ti mọ ibi tí irọ́ ti rọrùn.

OJÚ NI ÌTÌJÚ Ń GBÉ

Kí ló fà á? Èdè wa ti dáhùn tipẹ́. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá ṣe ohun tí kò dára, a ní ojú tì wá. Bí a bá dárí ji ènìyàn nítorí ẹlòmíràn, a ní ojú ẹni náà ni a wò. Ẹni tí kò bìkítà, a ní kò lójútì. Ojú ìyá alákàrà ni ó ń dá wa dúró. Ẹ̀rọ kò sì lójú.

Ní yunifásítì Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibì kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń po tíì àti kọfí mu. Kò sí ẹni tí ń tà á, inú àpótí ni oníkálukú ń sọ owó sí. Àwọn olùwádìí lẹ àwòrán ojú ènìyàn síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lẹ àwòrán òdòdó ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, wọ́n sì ń ṣe é ní àṣegbà. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí àwòrán ojú wà níbẹ̀, owó tí àwọn ènìyàn san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọ̀sẹ̀ òdòdó. Ọdún 2006 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Ojú orí bébà lásán ni o! Kò lè rí, kò lè pe ọlọ́pàá, síbẹ̀ ó tó láti mú àgbàlagbà ọ̀mọ̀wé san gbèsè tíì.

Bí ẹ̀rọ kò ti lójú kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, Hero, ọ̀mọ̀wé ará Alẹsáńdríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, ṣe àpèjúwe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń lò ní ilé ìbọ wọn. Bí ènìyàn bá sọ owó ẹyọ sínú rẹ̀, ìwúwo owó náà yóò tẹ ọ̀pá kan mọ́lẹ̀, omi díẹ̀ yóò sì ṣàn jáde. Ẹ kíyè sí i: ìwúwo ni ẹ̀rọ náà mọ̀. Kò mọ owó tòótọ́ yàtọ̀ sí irin tí ó wúwo tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni mítà ilé wa, tí kò mọ̀ ju iná tí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá lọ.

ÀWỌN BÀBÁ WA ÀTI ỌJÀ TÍ KÒ NÍ OLÓJÀ

Ẹnìkan lè sọ pé bí ọmọ ènìyàn ti rí nìyẹn, pé níbi tí ojú kò bá sí, kí a má retí òótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tí ń lọ sóko a máa pàtẹ iṣu tàbí èso sí ẹ̀bá ọ̀nà láìsí ẹni tí yóò tà á. Yóò to òkúta kéékèèké tì í láti fi iye owó rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò ka òkúta, yóò fi owó sílẹ̀, yóò mú iṣu rẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni olóko yóò tó padà wá kó owó rẹ̀. Ọjà tí kò ní olójà ni èyí, kò sí ojú níbẹ̀, ẹ̀tàn kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀.

Kí ni ó ń ṣọ́ ọjà náà? Ohun méjì ni. Èkíní ni ìwà tí a fi kọ́ ọmọ nílé, nítorí orúkọ ìdílé ń bá ènìyàn rìn dé inú igbó. Èkejì ni ààlè. A máa ń so àkísà, ṣúkù àgbàdo tàbí àfọ́kù nǹkan mọ́ ohun tí a kò fẹ́ kí a fọwọ́ kàn, ẹ̀rù ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí olè yóò sì dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwa tí a jẹ́ Mùsùlùmí kò gbẹ́kẹ̀ lé ààlè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kámẹ́rà tí a gbé kọ́ sí ara ògiri ilé ìtajà lónìí, ṣé kì í ṣe ààlè tuntun ni? Ẹni tí kò jalè nítorí kámẹ́rà àti ẹni tí kò jalè nítorí ààlè, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọjọ́ tí iná bá lọ tí kámẹ́rà kú, ọjọ́ náà ni a ó mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ohun tí ẹ̀sìn wa fi rọ́pò ojú ènìyàn ni ohun tí àwọn onímímọ̀ ń pè ní muráàkábà, pé kí ẹrú mọ̀ ní gbogbo ìgbà pé Ọlọ́hun ń wo òun. Ìtàn tí gbogbo ọmọ iléekéwú mọ̀ ni ti ọmọbìnrin oníwàrà ní Mẹ̀dínà. Ìyá rẹ̀ ní kí ó bu omi lu wàrà, ó ní Umar tí ó ṣòfin pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti rí wọn. Ọmọ náà dáhùn pé bí Umar kò bá rí wọn, Olúwa Umar ń rí wọn. Àwọn òpìtàn sọ pé Umar fúnra rẹ̀ wà ní ìta lóru náà, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó sì fi ọmọbìnrin náà fún Aasim ọmọ rẹ̀ láti fẹ́. Nínú ìran wọn ni Umar ọmọ Abdul-Aziz, adarí olódodo nì, ti jáde. Àwọn Yorùbá náà ní amòòkùnṣìkà, bí ọba ayé kò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́.

TA NI A RẸ́ JẸ?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi wá pé: "Áfáà, ẹ̀rọ kò ní ẹ̀mí, kò ní ẹ̀tọ́, kò mọ ebi. Bí a bá rẹ́ ẹ jẹ, ta ni a ṣẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn láìbínú.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kò ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ni ẹ̀rọ. Bí ọmọdé tí kò tíì mọ owó bá jókòó ti ọjà ìyá rẹ̀, tí a fi bébà lásán gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọmọdé náà ni a rẹ́ jẹ. Ìyá rẹ̀ ni. Bí ìránṣẹ́ bá sì ti gọ̀ tó ni ìwà ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ ti burú tó. Owó tí ẹ̀rọ bánkì pọ̀ lé, owó àwọn ènìyàn tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀ ni. Owó tí ó ṣìnà wọ àpò wa lè jẹ́ ti obìnrin kan tí ó tẹ nọ́ńbà kan dípò òmíràn nígbà tí ó ń fi owó ilé ìwòsàn ránṣẹ́. Iná tí a fà kọjá mítà, tírànsífọ́mà ni ó ń gbé e. Bí ó bá jó, gbogbo àdúgbò ni yóò wà nínú òkùnkùn, tí wọn yóò máa dáwó jọ, àti ẹni tí ó sanwó àti ẹni tí kò san. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó rán ẹlòmíràn lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà ní orúkọ rẹ̀ gba àyè ọmọ kan tí a kò mọ̀, ọmọ tí ó kàwé lóru pẹ̀lú àtùpà.

Nítorí náà, ojú wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. A kò rí i ni.

Súúrà 83 nínú Alùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, orí àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Ẹni tí ó lu ìdí kóńgò wọnú kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò fọ́lé, kò fipá gba nǹkan. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ba irinṣẹ́ jẹ́, ó sì fi ojú ṣe ẹ̀rín sí oníbàárà. Ìkìlọ̀ tí ó wà níbẹ̀ wúwo, nítorí pé òṣùwọ̀n ni ohun tí àwọn ènìyàn tí kò mọ ara wọn fi ń gba ara wọn gbọ́. Mítà, ẹ̀rọ bánkì, ẹ̀rọ epo ní ilé epo, òṣùwọ̀n ayé òde òní ni gbogbo wọn.

"ÀWỌN NI WỌ́N KỌ́KỌ́ RẸ́ WA JẸ"

Àwíjàre kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀gàn gbá sẹ́yìn. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ilé iṣẹ́ iná ń kọ owó tí a kò jẹ lé wa lórí, pé bánkì ń yọ owó kéékèèké tí a kò mọ ìdí rẹ̀, pé ẹ̀rọ ti yọ owó nínú àpò ẹni tí kò sì gbé owó jáde. Òdodo ọ̀rọ̀ ni èyí nínú ìrírí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ sì lè bèèrè rẹ̀.

Hindu ọmọ Utbah mú ẹjọ́ ọkọ rẹ̀, Abu Sufyan, wá sí ọ̀dọ̀ Ànábì pé ahun ni, kì í fún òun àti àwọn ọmọ ní ohun tí ó tó. Ànábì yọ̀ǹda fún un kí ó mú nínú owó ọkọ rẹ̀ ìwọ̀n tí ó tó fún òun àti àwọn ọmọ, bí ó ti yẹ. Láti inú èyí ni àwọn onímímọ̀ ti jiyàn lórí ẹni tí a jẹ ní gbèsè: ṣé ó lè mú ẹ̀tọ́ rẹ̀ láìsọ? Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbà pàápàá ní kí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ tí ó dájú, kí ó má sì kọjá ìwọ̀n rẹ̀.

Ibí yìí ni àwíjàre báìpáàsì ti ṣubú. Ẹni tí ó fa iná kọjá mítà kò mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́, kò sì mọ iye tí òun ti mú. Òṣùwọ̀n gan-an ni ó mú kúrò. Bí ó bá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán lónìí, kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ó tó. Ọ̀nà ẹni tí a rẹ́ jẹ ni kí ó kọ̀wé, kí ó tọ́jú ìwé ẹ̀rí, kí àdúgbò kó ara wọn jọ láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn ní gbangba. Ọ̀nà yìí pẹ́, ó sì ń tánni ní sùúrù. A kò parọ́ pé ó rọrùn.

ÌHÀ KEJÌ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Kí a má baà ṣe ìdájọ́ ẹsẹ̀ kan, ibì kan wà tí ènìyàn ti ń sọ òótọ́ fún ẹ̀rọ ju bí ó ti ń sọ fún ènìyàn lọ. Ní ọdún 1966, Joseph Weizenbaum, olùkọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ELIZA. Kò ju pé kí ó máa dá ọ̀rọ̀ ènìyàn padà sí i bí ìbéèrè lọ. Akọ̀wé rẹ̀ obìnrin, tí ó mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ ni, bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì ní kí ọ̀gá òun jọ̀wọ́ jáde kúrò nínú yàrá. Ní ọdún 2014, Gale Lucas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Southern California jẹ́ kí obìnrin orí kọ̀ǹpútà bi àwọn ènìyàn léèrè nípa ìlera àti ìbànújẹ́ wọn. Àwọn tí a sọ fún pé ẹ̀rọ nìkan ni ń bá wọn sọ̀rọ̀ tú inú wọn sílẹ̀ ju àwọn tí a sọ fún pé ènìyàn ń darí rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Ojú tí ń dá olè dúró ni ojú tí ń dá ọmọ dúró láti sọ ohun tí ó ń ṣe é. Bí ọmọ wa bá ń tẹ àṣírí rẹ̀ sínú fóònù lóru, tí kò lè sọ ọ́ fún wa lọ́sàn-án, kí a bi ara wa irú ojú tí a fi ń wò ó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mọ̀ pé ohun tí a bá tẹ̀ sínú ẹ̀rọ lè wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọlọ́hun nìkan ni a lè jẹ́wọ́ fún láìsí alágàta, tí kò sì ní tú wa fó.

Wàhálà tuntun tún ti dé, èyí ni fífi ẹ̀rọ purọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Nils Köbis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn ju ọmọ bí irú èyí tí a fi ń ta lúdò, kí wọ́n ròyìn nọ́ńbà tí ó yọ, kí wọ́n sì gba owó bí nọ́ńbà náà ti tó. Nígbà tí oníkálukú ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn, nǹkan bí 95 nínú 100 ni ó sọ òótọ́. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ bá wọn ròyìn, tí ohun tí wọn yóò ṣe kò ju kí wọ́n sọ fún un bóyá owó ni wọ́n ń lé tàbí òtítọ́, àwọn tí ó sọ òótọ́ kò tó 20 nínú 100. Wọn kò pàṣẹ irọ́, wọ́n kàn fi ojú rẹ̀ hàn án. Ẹni tí ó ránṣẹ́ ni ó niṣẹ́. Ọmọ ilé ìwé tí ẹ̀rọ bá kọ àròkọ tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, òun ni ó purọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tí ó fi àlááàtì òfegè gba ọjà lọ́wọ́ ìyá arúgbó ti kó ẹ̀ṣẹ̀ méjì pọ̀, ó fi ẹ̀rọ bo ojú rẹ̀, ó sì fi ojú rẹ̀ wo ojú màmá.

KÍ NI KÍ A ṢE?

A kò ní kí a yọ kámẹ́rà kúrò lára ògiri. Ó ń dá ọwọ́ dúró, ọwọ́ tí ó bá sì dúró pẹ́ lè di ọwọ́ tí ó mọ́. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kọ́ ohun tí kámẹ́rà kò lè kọ́ni. Bí owó tí kì í ṣe tiwa bá wọlé, kí a dá a padà lójú àwọn ọmọ, kí a sì sọ ìdí rẹ̀. Kí bàbá má ṣe ní kí ọmọ gbé fóònù kí ó sọ pé òun kò sí nílé. Kí a má ṣe yin ọmọ tí ó gbọ́n ẹ̀wẹ́ lórí ẹ̀rọ pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọkàn bá sì ń sọ fún wa pé kò sí ẹni tí ó rí wa, kí a gbé ojú ìyá alákàrà síwájú ẹ̀rọ náà lọ́kàn wa, kí a tó rántí Ẹni tí ó dá ojú.

Irọ́ níwájú ẹ̀rọ rọrùn, àmọ́ ohun tí ó ń jẹ kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò ní burú sí i nítorí pé a rẹ́ ẹ jẹ. Àwa ni a ó fi ọwọ́ ara wa sọ ara wa di ẹni tí ó nílò ẹ̀ṣọ́ kí ó tó lè ṣe rere.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi wá ṣe olódodo ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀, kí Ó fi àlùbáríkà sí halááà wa bí ó ti wù kí ó kéré mọ, kí Ó sì má jẹ́ kí ojú tì wá ní ọjọ́ tí gbogbo ìwé yóò ṣí sílẹ̀. Àmín.